Ìmì Kékeré, Ìmì Ńlá: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Dán Ọ̀sílétọ̀ Wò

Ẹni tó bá ti rìn lórí afárá òkè igi tó wà nínú Lekki Conservation Centre rí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Afárá náà gùn tó mítà 401, kò sì sẹ́ni tó máa gbẹ́sẹ̀ lé e tí kò ní mọ̀ ọ́n lára pé ó ń mì. Bí ènìyàn kan bá rọra tẹ̀ ẹ́, á mì díẹ̀, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wá ṣe àbẹ̀wò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí rẹ̀, tí fífò wọn sì bọ́ sákòókò pẹ̀lú lílọ-bíbọ̀ afárá, ìmì yẹn á máa pọ̀ sí i ni, títí ọ̀kan nínú wọn á fi figbe ta.

Ìmì tó ń kú àti ìmì tó ń dàgbà: ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀sílétọ̀. Ọ̀sílétọ̀ ni sákíìtì tí a fún ní iná tó dúró sójú kan, bíi ti bátìrì, tí òun fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ di iná tó ń lọ tó ń bọ̀, láìsí ẹni tó ń tì í. Òun ló ń ka àsìkò fún kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń bí ìgbì tí rédíò ń gbé kiri. Ohun tó ti ń da àwọn ẹnjiníà láàmú láti ohun tó ju 100 ọdún lọ ni bí wọn yóò ṣe mọ̀, kí wọ́n tó jó sákíìtì pọ̀, bóyá yóò mì tàbí kò ní mì.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Ajah. Bí wọ́n bá tú fóònù, ẹ ní kí wọ́n fi kírísítà hàn yín. Àpótí irin kékeré kan ni, ó ń dán bíi fàdákà, kò tó hóró ìrẹsì, ẹ sì lè rí 26.000 tí wọ́n kọ sí i lára. Òkúta quartz tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 26 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóònù bá já bọ́ tí òkúta yẹn sán, ó lè má tàn mọ́, tàbí kó tàn kó má rí nẹ́tíwọọkì. Oníbàárà á máa tẹnu mọ́ ọn pé bátìrì ló kú. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bá a jiyàn, á kọ́kọ́ wò ó bóyá kírísítà ń mì.

Àwọn òpó nẹ́tíwọọkì tó tò láti Lekki Phase 1 dé Sangotedo náà ń lo irú rẹ̀, èyí tó le ju ti fóònù lọ fíìfíì. Òfin GSM, tó dé Nàìjíríà ní 2001, sọ pé ìgbì tí òpó ńlá ń gbé jáde kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n rẹ̀ ju ìdá 0.05 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Lórí ìgbì 900 megahertz, hertz 45 péré nìyẹn. Ní etíkun kan náà ni àwọn okùn abẹ́ òkun ti ń gòkè wá: Glo-1 ní Alpha Beach ní 2009, Equiano ti Google ní 2022. Ní ìdí okùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀sílétọ̀ wà tó ń sáré tẹ̀lé àsìkò àwọn ìsọfúnni tó ń wọlé, kó má baà ka ọ̀kan sí méjì. Kò sí èyí tí wọ́n fi ojú díwọ̀n nínú gbogbo wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mì.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe inú ìwé. Ìsìn ìdúpẹ́ kan ni, lẹ́yìn Abraham Adesanya Estate lọ́nà Ajah, ní gbọ̀ngàn kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ń fi ìka kan gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn oníwàásù ń dún kedere. Nígbà tó ṣe, ohùn náà wá ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fà, ó ń pẹ́ kó tó kú. Ó tún gbé e sókè níwọ̀n èékánná kan. Bàbá oníwàásù yíjú sí sípíkà, gbohùngbohùn lọ́wọ́, ni gbogbo ilé bá gba igbe fíììììn! Àwọn ìyá dawọ́ bo etí. Bí ọmọ náà ti fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n èékánná yẹn, ariwo kú.

Gbogbo àlàyé ti tán síbẹ̀. Ohùn jáde láti sípíkà, apá kan rẹ̀ padà sínú gbohùngbohùn, ampilifáyà sọ ọ́ di púpọ̀, ó tún jáde. Bí èyí tó padà bá kéré ju èyí tó jáde lọ, ohùn á kú. Bí ó bá pọ̀ jù ú lọ, tó sì padà lásìkò tó bá ti àkọ́kọ́ mu, á máa ga sí i títí ampilifáyà ò fi ní agbára mọ́. Heinrich Barkhausen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dresden ní Jámánì, ló fi èyí sínú ìṣirò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe òfin náà títí di òní. Ohùn inú kànga yẹn náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀: sákíìtì tó ti sún mọ́ ẹnu ààlà ni, tí kò tíì kọjá rẹ̀.

Ní 1935, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé Rediffusion dé Èkó, àpótí kan wọ ilé àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ láìdúró gba èsì. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àpótí yẹn kò ní ọ̀sílétọ̀ kankan nínú, nítorí wáyà ni wọ́n fi fa ohùn wá láti ilé iṣẹ́. Sípíkà lásán ló wà nínú ilé. Rédíò onítiransísítọ̀, èyí tí bàbá wa ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko, ló gbé ọ̀sílétọ̀ wọ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Bí ẹ bá yí i sí ibùdó tó wà lórí 1,000 kilohertz, ọ̀sílétọ̀ inú rẹ̀ á máa mì ní 1,455, kí ìyàtọ̀ àárín wọn lè jẹ́ 455, ibi tí wọ́n ti ṣe ìyókù rédíò náà sí. Ọgbọ́n Edwin Armstrong nìyẹn, ará Amẹ́ríkà, ní 1918.

Armstrong yìí náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i, ní nǹkan bíi 1912 sí 1913, pé bí a bá dá apá kan ohun tó jáde láti ara fáàbù, èyí tí wọ́n ń lò kí tiransísítọ̀ tó dé, padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, fáàbù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀. Alexander Meissner rí i ní Jámánì nígbà kan náà. Lee de Forest náà ní òun lòun ni ín, ẹjọ́ náà sì wà ní kóòtù títí di 1934, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá de Forest láre. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kò gba ìdájọ́ yẹn wọlé títí dòní, èmi náà kò gbà á. Ẹnjiníà méjì, Hartley àti Colpitts, tò lẹ́yìn wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú bó ṣe so kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tirẹ̀. Walter Cady fi òkúta quartz sínú ọ̀sílétọ̀ ní 1921. George Pierce ní Harvard sọ ọ́ di ohun tó rọrùn ní 1923, ti Pierce yìí ló sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ títí di ìsinsìnyí.

Àwọn kan ò fẹ́ kí nǹkan mì rárá. Harold Black, ẹnjiníà ní Bell Labs, ń wá ampilifáyà tí kò ní máa ba ohùn tẹlifóònù jẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1927, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e sọdá odò Hudson lọ síbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìkòròdú ṣe ń wọ ọkọ̀ wá sí Falomo láàárọ̀, ni èrò náà bá sọ sí i lọ́kàn: kí a dá apá kan ohun tó jáde padà láti dín ohun tó wọlé kù. Orí ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é, àwọn ampilifáyà kan bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Harry Nyquist, ẹnjiníà ní AT&T, ló wá fi hàn ní 1932 bí a ṣe lè ya àwòrán kan lórí ìwé, kí a sì tibẹ̀ mọ̀ bóyá ampilifáyà máa hu, láìtíì tan iná sí i. Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ìdánwò orí ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí ìmì kékeré. Ẹnjiníà wo ibi tí sákíìtì ti dúró jẹ́ẹ́, ó wá ní, bí mo bá fi ìka kàn án báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ilẹ̀ ayé rogodo, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra pílọ́ọ̀tì ní Sangotedo kò ní ṣírò rogodo mọ́ ọn: á na okùn, á wọn ẹsẹ̀ 60 sí 120, á sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiransísítọ̀. Ìṣesí rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sún mọ́ ojú kan péré, ìlà tó wọ́ á dà bí èyí tó tọ́, ìṣirò á sì rọrùn. Balthasar van der Pol, tó wá di òṣìṣẹ́ Philips ní Eindhoven, ni kò fẹ́ dúró síbẹ̀. Láàárín 1920 sí 1926, ó ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìmì bá ti dàgbà tó fi kọjá pílọ́ọ̀tì, níbi tí wíwọ́ ilẹ̀ ti ń sọ ara rẹ̀ di mímọ̀, tí ìmì sì ń dúró sí gíga kan. Díẹ̀ ni àwọn tó lè fi ọwọ́ ṣe irú ìṣirò yẹn nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n dúró dè.

Kọ̀ǹpútà náà dé. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, Ron Rohrer kọ́ kíláàsì kan láàárín 1969 sí 1970, ibẹ̀ ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti kọ ètò tó ń ṣírò sákíìtì. Laurence Nagel ló tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni CANCER, orúkọ tí kò sí ìyá tó máa fi sọ ọmọ. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ń sọ pé ètò náà ń ṣírò ohun gbogbo àyàfi ìtànṣán, nítorí pé owó ológun ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ kó lè sọ ohun tí bọ́ǹbù átọ́mù máa ṣe sí sákíìtì. Àwọn ọmọ Berkeley ní àwọn ò sí nínú ìyẹn. Ní oṣù kẹrin 1973, wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní Waterloo ní Kánádà pẹ̀lú orúkọ tuntun, SPICE. (Etí ọmọ Nàìjíríà á gbọ́ èròjà ọbẹ̀, ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ.) SPICE2 tẹ̀ lé e ní 1975. Donald Pederson, ọ̀gá wọn, fi dandan lé e pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ lè gbà á, ìdí sì nìyẹn tó fi tàn ká ayé.

SPICE ní ọ̀nà méjì tó fi ń wo ọ̀sílétọ̀, ọ̀nà méjèèjì ló sì ní àléébù tó ti mú akẹ́kọ̀ọ́ sunkún. Ti àkọ́kọ́ ni ti ìmì kékeré, tí wọ́n ń pè ní AC. Ètò náà á wá ojú ìdúró sákíìtì, á sọ gbogbo ìlà tó wọ́ di èyí tó tọ́, á sì ṣírò. Ó yára bí àṣá. Àmọ́ ní ayé ìlà tó tọ́, kò sí òrùlé: ó lè sọ fún yín, láìfi ojú pa á rẹ́, pé mílíọ̀nù fólítì ń jáde láti ara bátìrì fólítì 5. Èyí tó tún burú ni pé bí sákíìtì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń hu, AC á ya àwòrán tó rẹwà fún yín, kò sì ní sọ ohunkóhun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà bí Nyquist ṣe kọ́ wa, á ní gbogbo rẹ̀ dára.

Ọ̀nà kejì ni kí ètò náà tẹ̀ lé àsìkò ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Àléébù tibí ni ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀sílétọ̀ tó dúró sójú ìdúró rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé dúró lórí ẹnu. Nínú ayé yìí, ooru lásán tó ń mú àwọn ohun tín-íntìn-ìntín inú wáyà gbọ̀n ti tó láti tì í ṣubú. Nínú kọ̀ǹpútà, atẹ́gùn kì í fẹ́. Abẹ́rẹ́ lè dúró síbẹ̀ títí láé. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ìlà tó tẹ́jú, á lọ sọ fún olùkọ́ pé sákíìtì ò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ohun tó kù ò ju kó fi ìka kàn án: kó tan iná sí i lójijì, tàbí kó fún kàpásítọ̀ kan ní fólítì díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ìṣirò tó bá yàn náà tún wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Gear máa ń jẹ ìmì lára jẹ́jẹ́, ọ̀sílétọ̀ tó dára á kú sínú rẹ̀. Trapezoidal ló yẹ é.

Kírísítà ló wá dojú ọ̀rọ̀ náà rú pátápátá. Òkúta quartz kì í tètè jí. Ó lè gbà á ní ìmì tó ju 100,000 lọ kó tó dàgbà tán, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ ṣírò ojú ibi púpọ̀ nínú ìmì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni wọ́n fi padà sọ́dọ̀ ìmì kékeré pẹ̀lú ìbéèrè tó yàtọ̀: ìdènà mélòó ni tiransísítọ̀ ń fi han kírísítà? Ìdènà gidi ń jẹ agbára. Nínú ọ̀sílétọ̀ Pierce, ìdènà tí kírísítà ń rí lára tiransísítọ̀ jẹ́ òdì, agbára ló ń fún un. Ẹ jẹ́ ká mú kírísítà 10 megahertz tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ ohm 50, kàpásítọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ picofarad 20, àti tiransísítọ̀ tí agbára ìdarí rẹ̀ jẹ́ milliampere 1 fún fólítì kan. Ìdènà òdì tó máa jáde jẹ́ nǹkan bíi ohm 630, ìlọ́po 12 ohun tí kírísítà ń jẹ. Kò sí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi kàpásítọ̀ 40 rọ́pò ti 20 nítorí òun ló rí lọ́jà, ó máa já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 158. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ ìlọ́po 5 ó kéré tán. Èyí kò tó 4. Ó lè jí lónìí, kó kọ̀ láti jí lọ́la.

Irú ìdènà òdì yìí kì í ṣe ti iná nìkan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2000, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tuntun kan lórí odò Thames ní London, Millennium Bridge, níbi tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn ni afárá ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe ń fì ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ bá a rìn kí wọ́n má baà ṣubú, wọn ò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ló ń bọ́ ìmì náà. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Arup dán an wò, wọ́n rí i pé títí dé nǹkan bíi 160 ènìyàn, kò sí wàhálà. Díẹ̀ lé sí i ni ìmì bẹ́ gìjà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín ìdènà afárá kù díẹ̀, títí ìdènà fi tán. Ọdún 2002 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ká padà sínú sákíìtì. Ní ti bí a ṣe ń wọn ohun tó ń padà sẹ́nu ọ̀nà nínú sákíìtì tí a kò lè já láìbà á jẹ́, R. D. Middlebrook ní Caltech ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní 1975. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sílẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ. Ìmì kékeré ń sọ bóyá wọ́n máa bí ọmọ. Kò sọ irú ènìyàn tó máa dà. Fóònù alágbèéká ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fojú fò ó mọ́. Ìgbì tó ń gbọ̀n díẹ̀ lásìkò, tó yá díẹ̀ tó pẹ́ díẹ̀, á ya wọ ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. David Leeson ti kọ ìṣirò kúkúrú kan lórí gbígbọ̀n yìí ní 1966, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ jẹ́ àfojúdíwọ̀n.

Ojútùú tí wọ́n rí ní àwọn ọdún 1990 ni ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wá ìmì ńlá náà fúnra rẹ̀, yíyípo kan tó pé, tó ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá fi ìka kan ìmì tó ń lọ lọ́wọ́ yẹn. Wọn ò fi ìka kan ohun tó dúró mọ́, ohun tó ń jó ni wọ́n ń fi ìka kàn. Ken Kundert àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cadence gbé SpectreRF jáde lórí èrò yìí ní 1996. Ní 1998, Ali Hajimiri àti Thomas Lee ní Stanford fi hàn pé àsìkò tí ìka bá kan ọ̀sílétọ̀ ṣe pàtàkì: bí ìmì bá wà ní òkè téńté, títì kékeré kò lè yí àsìkò rẹ̀ padà púpọ̀, bí ó bá wà láàárín tó ń sáré kọjá, títì kan náà á da àsìkò rú. Onílù tí wọ́n bá fọwọ́ kàn nígbà tí ọ̀pá ti gúnlẹ̀ sára awọ ò ní ṣi ìlù bíi ti ẹni tí wọ́n kàn nígbà tí ọ̀pá ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

Nílé níbí, ìṣòro àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yàtọ̀: àìsí ohun èlò tí wọ́n lè fi wo sákíìtì gidi. Jesús del Alamo ní MIT ti bẹ̀rẹ̀ yàrá àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1998, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè wọn tiransísítọ̀ gidi láti ọ̀nà jíjìn. Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Makerere ní Uganda àti Yunifásítì Dar es Salaam, Carnegie Corporation sì fi owó sí i. Ní Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde, wọn kò jókòó máa lo ti MIT nìkan; wọ́n ṣe tiwọn, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè dán ampilifáyà wò láti orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fi ń gbóríyìn fún un ni pé nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀ ti ara ohun gidi wá. Ẹni tó bá fi èyí tí SPICE sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ampilifáyà ṣe, tó sì rí i pé wọn ò bára mu, ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

SPICE fúnra rẹ̀ kò wọ́n mọ́. Ní 1984 ni PSpice gbé e sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. LTspice, tí Mike Engelhardt kọ nílé iṣẹ́ Linear Technology, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ láti ọjà Computer Village gbé e dáadáa, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀. Nínú àpò àpẹẹrẹ rẹ̀, ẹ máa bá ọ̀sílétọ̀ Colpitts àti ti Pierce tí wọ́n ti yà sílẹ̀. Ẹ ṣí ti Pierce. Ẹ máa fi kàpásítọ̀ méjèèjì kún díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ìdí ẹ̀rọ yẹn ṣe fi ìka gbé ohùn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó ti kọ̀ láti jí sílẹ̀.